Ìwé Tí Kò Tíì Gbẹ

Ọ̀dà mẹ́rin péré ni mo kó wá sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta:
funfun, dúdú, pupa,
àti èyí tó rí bí erùpẹ̀ ojúde wa lẹ́yìn òjò.
Ìyá mi àgbà ìbá ní mẹ́ta ni.
Lójú tiwọn, pupa ni erùpẹ̀, pupa ni ẹ̀jẹ̀,
pupa ni ọmọ tuntun;
ewé dúdú, aró dúdú, ọ̀sà dúdú lálẹ́.
Mo ti rò ó rí pé àwọ̀ ló ṣọ̀wọ́n lẹ́nu wọn,
àfìgbà tí mo po dúdú mọ́ funfun lórí pátákó
tí aró yọjú níbẹ̀, aró tí n ò rà.

Bàbá Ṣówándé jókòó sórí àpótí níwájú mi.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi lu tíkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ ojú irin.
Wọ́n ti fá irùngbọ̀n, wọ́n ti lọ bùbá,
wọ́n na ọrùn bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ìfẹ̀yìntì.
"Ṣé kí n rẹ́rìn-ín?"
Ẹ má rẹ́rìn-ín, bàbá. Ẹ ṣáà wà níbẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì mi fẹ̀ tó àtàǹpàkò,
kì í ka irun orí ẹnikẹ́ni.
Mo fà á lẹ́ẹ̀kan fún iwájú orí,
lẹ́ẹ̀kan fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kọjú sí fèrèsé,
mo wá dọwọ́ dúró:
bí òjìji bá ti dé ibi tó yẹ kó dé,
imú á wá ara rẹ̀ rí.
Òróró ń ràn lára ìwé, ó yí orí bàbá ká
bí ibi tí epo kán sí lára aṣọ.

Wọ́n dìde wá wò ó.
"Ojú mi dà?"
Mo ní ó wà nínú dúdú yẹn.
"Awò tuntun tí mo fowó rà ńkọ́?"
Mo ní n ò ní àwọ̀ góòlù.
"Àwọ̀ kọ́ lo ò ní. Sùúrù ni."
Wọ́n padà jókòó, wọ́n wúkọ́, wọ́n dijú mọ́rí.

Ni ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè láti ọ̀nà Ìdó.
Wọn ò mọ ìgbà tí ọrùn wọn rọ̀,
tí ojú wọn tẹ̀lé e lọ,
tí àtàǹpàkò ọ̀tún ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ lórí itan,
tó ń fún un, tó ń tú u sílẹ̀.
Mo ṣí ojú ìwé kejì. N ò nu búrọ́ọ̀ṣì.
Ìdọ̀tí pupa tó kù lára rẹ̀ ló di ètè wọn.
Kí fèrè tó dákẹ́, mo ti parí.

Ìbídùnní, ọmọ wọn, gbé garawa omi wọlé,
ó yọjú léjìká mi, kò béèrè ojú, kò béèrè awò.
"Bí wọ́n ṣe máa ń wò nìyí
tí wọ́n bá gbàgbé pé a wà nílé."
Ó gbé omi rẹ̀ kọjá.

Òjò lé mi kúrò níbẹ̀. Mo gbàgbé
láti fi pẹ́ẹ̀gì ìsáṣọ há ìwé náà lẹ́nu.
Nígbà tí mo ṣí i ní Ìwáyà, lábẹ́ gílóòbù,
bàbá tó na ọrùn ti lẹ̀ mọ́ bàbá tó gbọ́ fèrè;
funfun iwájú orí ẹni àkọ́kọ́
ti ṣí lọ sójú ẹni kejì,
ó ń dán gba-n-gba níbi tí awò ìbá wà.

N ò tún un ṣe.
Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni yóò fi gbẹ.
Bàbá yóò ṣì ní wọ́n wọ́.