Ohùn Fíríìjì

Betesda tí mò ń wí kì í ṣe ti inú Bíbélì.
Ìlú wa ni, ní Wéésì, lábẹ́ òkè dúdú
tí wọ́n ti ń gé òkúta pẹlẹbẹ láti fi bolé.
Òjò ibẹ̀ kì í dá. Ó máa ń sinmi ni,
bí ẹni tó fẹ́ mí kó tó padà sídìí ìjà.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹ̀gbọ́n mi Gethin fi ta gìtá lẹ́yìn olórin.
Ẹ̀yìn ni mo wí:
ẹ̀yìn Mererid, tí iná orí ìtàgé kì í tó,
ẹ̀yìn ọmọkùnrin kan ará Bangor tó ń pè é ní Gareth,
ẹ̀yìn, níbi tí wáyà ti ń lọ́ mọ́ni lẹ́sẹ̀,
tí àtẹ́wọ́ ti ń dé bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ó fi orin mẹ́ta ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù.
Oṣù méje kí wọ́n tó fèsì: ó dára,
ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ ọ́? Níbo lọ̀rọ̀ wà?
Ó tún fi ránṣẹ́. Wọ́n tún bèèrè ẹnu.
Ó wá jókòó bí arọ etí adágún,
ó ń retí ẹni tí yóò gbé òun sómi;
omi ń rú, ẹlòmíràn ń bọ́ sí i.
Ó ti ta gìtá títí, ó wá ku díẹ̀ kó tà á.

Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì
ó wá bá mi nílé búrẹ́dì. Mò ń po ìyẹ̀fun.
“Nerys, yá mi ní yàrá ẹ̀yìn. Ògiri rẹ̀ nípọn.”
Ó so ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mọ́ àpò ìyẹ̀fun,
ó fi kúbùsù bo fèrèsé, ó jókòó lórí àpótí bọ́tà.
Ó ta á lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ́tí.
“Pa fíríìjì yẹn.”
Mo ní èmi kọ́. Búrẹ́dì ọ̀la ló wà nínú rẹ̀.
Bó bá bàjẹ́, ta ni yóò san án? Mererid?

Òru mẹ́ta la fi bú ara wa.
Ní òru kẹrin n ò gbọ́ orin. Mo yọjú.
Ó gbé etí lé ilẹ̀kùn fíríìjì
bí agbẹ̀bí tó ń gbọ́ ikùn aboyún,
ọwọ́ rẹ̀ ń fa gìtá létí díẹ̀díẹ̀,
ó ń dẹ okùn kan, ó ń fa òmíràn le,
títí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi bá ẹ̀rọ náà fohùn ṣọ̀kan.
Ó wá ta á.
Háà.
Fíríìjì tí mo rà ní gbàǹjo ló ń gbe ègbè.
Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnì kan wà lẹ́yìn Gethin.

Orin mọ́kànlá. Nínú ìkeje, ẹ ó gbọ́ ilẹ̀kùn ààrò tó dún gbàgà;
èmi ni. Ó ní ká má yọ ọ́.
Owó tó yẹ kó fi tún mọ́tò rẹ̀ ṣe ló fi tẹ igba àwo.
Mo fi lẹ̀ẹ́ ìyẹ̀fun lẹ ìbòrí wọn; eku jẹ mẹ́rin.
Níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí,
ó kọ tirẹ̀, ó wò ó, ó pa á rẹ́, ó tún kọ ọ́.

Ifor, awakọ̀ akẹ́rù, ra mẹ́ta:
ọ̀kan fún ọkọ̀, ọ̀kan fún ilé, ìkẹta kò sọ.
Ìyá Beti dá tirẹ̀ padà: nǹkan kan ń kùn lábẹ́ orin yín.
Gethin fún un lówó rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.
Mẹ́tàlélọ́gọ́ta la tà. Ìyókù wà lábẹ́ ibùsùn mi.
Kò sẹ́ni tó gbé e sómi. Àpótí bọ́tà ló gbé, ó ń lọ.

Lóṣù tó kọjá, fíríìjì náà kú.
Mo ra tuntun. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, bí ọmọ tó ń ráhùn.
Gethin dé lóru, òjò lára rẹ̀. Kò kí mi.
Ó dúró níwájú rẹ̀, ó tẹ́tí,
ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa gìtá létí.