Ààlè

Lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Kétu lọ sí Pọ́bẹ̀
igi ìdáná ìyá mi wà nílẹ̀, ìtí mẹ́tàdínlógún.
Kò sí ọgbà, kò sí ajá, kò sí àgádágodo.
Ìkarahun ìgbín kan ló so mọ́ ọn,
òun àti àkísà pupa.
Òjò pa á, oòrùn pa á,
ìtí mẹ́tàdínlógún náà ló ṣì jẹ́.

Èmi náà ń ṣọ́ nǹkan.
Kọ̀ǹpútà mi wà ní ìsọ̀ Ṣàkírátù aránṣọ,
nítorí iná tirẹ̀ kì í sábàá lọ.
Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ òwú ní kí n bá àwọn kó ìṣirò owó sínú ẹ̀rọ.
Mo mọ kíláàsì kan, mo pè é ní Àpò,
mo fi owó sínú rẹ̀,
mo ṣí i sílẹ̀ gbayawu.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan. Ìdírísù, ọmọ iṣẹ́ mi,
fẹ́ dán nǹkan wò, ó kọ ọ́ tààrà:
owó jẹ́ òdo.
Bàbá Adékámbì dé láàárọ̀, ó ní kí n ka tòun.
Òdo.
Ojú tó fi wò mí, mi ò tíì gbàgbé.

Mo wá fa ìlà kékeré kan sílẹ̀ níwájú orúkọ owó.
Ìdírísù rẹ́rìn-ín: "Ìlà lásán? Kí lèyí lè dá dúró?"
Mo ní, ìkarahun ìgbín ńkọ́?
Ó ní, "Olè tí kò bẹ̀rù ààlè ńkọ́?"

Mo fa ìkejì tì í.
Ẹ̀rọ pa orúkọ dà nínú lọ́hùn-ún:
o pe owó, owó ò jẹ́ ọ,
àfi ẹni tó bá mọ orúkọ ilé
tó sì fi í ṣáájú orúkọ ọmọ.
Mo ya ojú ọ̀nà méjì, bíi ti ẹnubodè Ìdènà láyé ogun.
Ẹni tó ń fi sí i, kó gba ibí.
Ẹni tó fẹ́ yọ, kó dúró ná,
ká bi í: èyí tó o fẹ́ mú yìí, ṣé ó wà níbẹ̀?

Lálẹ́ mo bi ìyá mi pé, ọmọ mélòó lẹ bí?
Ó ní mẹ́rin. Mẹ́rin náà ló máa ń sọ.
Mo mọ orúkọ karùn-ún.
Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi kọ ọ́ sẹ́yìn àpótí aṣọ rẹ̀,
ó ti ń parẹ́.
Ó dé orí ahọ́n mi.
Mo gbé e mì.

Ilẹ̀ mọ́, a jọ lọ wo igi.
Okùn ìkarahun ti fẹ́ já.
Mo tún un so.