Adójútòfò

Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu, ẹ wọlé,
bí ibi tí kò ní òrùlé bá ṣeé wọ̀.
Ẹ má bínú, n kò ní àga.
Ẹ rọra tẹ ibẹ̀ yẹn, páànù tó wó ṣì ń gé ni lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ wá lóṣù Ẹrẹ́nà, ẹ fi tépù wọn yàrá.
Ẹni tó wá lóṣù Ẹ̀bìbì tún un wọ̀n,
ó ní ó fi ẹsẹ̀ bàtà kan kéré sí tiyín.
Mo ní bóyá ilé náà ló ń rù.

Ẹ tún bi mí: níbo ni iná ti bẹ̀rẹ̀?
Ẹ̀yìn fìríìjì ni. Mo ti wí fún panapaná,
mo wí fún ọlọ́pàá tó ń fi ìdí bírò họ etí.
Nẹ́pà mú iná dé lóru, ó dé bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀,
gílóòbù pọ́n, ó funfun, ó fọ́,
nǹkan kan sì ń rùn bí irun tó jó.
Nẹ́pà ní ti àwọn kọ́, wáyà inú ilé ni.
Àlímì oníwáyà ní ti òun kọ́, Nẹ́pà ni.
Iná nìkan ni kò tíì sẹ́.

Ẹ wá rẹ ohùn yín sílẹ̀:
"Màmá, ṣé ẹ jẹ gbèsè ni?"
Mo gbọ́ èyí tí ẹ kò sọ.
Èmi Mojíbádé, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin,
kí n ṣáná sábẹ́ ibùsùn ara mi,
kí n sáré tòun ti ìró àwọ̀sùn jáde sí títì Ayétòrò
kí ọmọ aráyé lè rí mi wò?

Ẹ ní kí n mú rìsíìtì wá.
Inú dúrọ́ọ̀ ni rìsíìtì wà,
inú wọ́dúróòbù ni dúrọ́ọ̀ wà,
ẹ wo wọ́dúróòbù lábẹ́ bàtà yín.

Fọ́ọ̀mù yín ní ìlà fún tẹlifíṣàn,
ó ní fún bẹ́ẹ̀dì, ó ní fún fáànù.
Mo wá ibi tí màá kọ ìwé agbẹ̀bí mi sí:
ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n,
gbogbo ọmọ tí mo fọwọ́ gbà, àti orúkọ ìyá wọn,
èyí tó ké kíá, èyí tí mo gbá nídìí kó tó ké,
ìbejì tí ọ̀kan forí jáde, tí èkejì fẹsẹ̀ wá.
Ẹ ní, "Eélòó lẹ ra ìwé náà?"
Náírà méjì àti àádọ́ta kọ́bọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.
Mo bi yín níbo ni wọ́n bí yín sí,
mo rò pé bóyá...
Ẹ ní Ìbàdàn ni.
Ó dáa náà.

Àwọn ará àdúgbò ń kí mi:
ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.
Mo ń ṣe àmín. Àmọ́ ta ló fi tépù wọn ilé ọba?
Ta ló ní kí ọba lọ mú rìsíìtì adé wá?

Ẹ̀yin lẹ pe ara yín ní adójútòfò.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi san owó yín, n kò pa ọ̀kan jẹ.
Òfò nìyí, ó gbójú, ó jókòó sí pálọ̀ mi.
Èmi lojú ń tì,
èmi tí mò ń sùn sí yàrá ọmọ-ọmọ mi lÓkè-Baálẹ̀,
tí mò ń tọrọ àyè kí n tó bu omi mu.

Lẹ́tà yín tó dé kẹ́yìn ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan
títí ìwádìí yóò fi parí.
N kò fọwọ́ kàn án.
Iná jó, ògiri kò sá,
òjò ń wẹ̀ ẹ́ nínú báyìí, ewúrẹ́ ń sùn síbẹ̀.
Àgbébọ̀ Ìyá Gàníyátù ń tú eérú wò láràárọ̀,
á họ ọ́, á sún sẹ́yìn, á fẹjú mọ́ ọn,
kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ní tèmi, ìgbálẹ̀ ni mò ń mú wá.
Mo ń gbá iwájú ilé títí dé ẹnu ọ̀nà,
níbi tí ilẹ̀kùn wà,
mo sì ń dúró.