Páálí Orí Fèrèsé

Tymek ló gbé e wá, ọmọ àjà kejì,
ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ń gun àtẹ̀gùn bí ẹni ń kan ìlẹ̀kùn.
"Ìyá Genowefa, olú wà nínú rẹ̀."
Mo wo páálí náà lókè, mo wò ó nísàlẹ̀.
Kò ju búrẹ́dì méjì tí a tò léra lọ.
Olú wo ni yóò gbé inú páálí?
Ọgọ́ta ọdún ni mo fi ṣa olú nínú igbó Knyszyn,
mo mọ èyí tí ń pani, mo mọ èyí tí ń bọ́ni,
n kò tíì rí èyí tí wọ́n kọ ìlànà sí lára bí oògùn ikọ́.

Ṣùgbọ́n orúnkún mi ti kọ̀wé fi igbó sílẹ̀.
Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ló wà láàárín èmi àti ilẹ̀.
Mo kà wọ́n.

A fi ọ̀bẹ la ọ̀rá rẹ̀ ní àgbélébùú.
Inú rẹ̀ funfun bí wàrà tó dì,
lẹ́búlẹ́bú igi tí nǹkan kan ti fi òwú rán pọ̀.
Òórùn rẹ̀ dà bí... mo dákẹ́. Tymek ní, bí kí ni?
Bí abẹ́ ewé lẹ́yìn òjò. Bí àpò ẹ̀wù Zenon.

Ọkọ mi mọ ibì kan nínú igbó yẹn
tí olú ti ń hù bí ẹni tí wọ́n pè sí ìpàdé.
Yóò jáde kí ilẹ̀ tó mọ́,
yóò padà dé kí kọfí mi tó tutù, agbọ̀n á kún.
Mo bi í lọ́sàn-án, mo bi í lóru lórí ìrọ̀rí.
Á rẹ́rìn-ín, á kọjú sí ògiri.
Ọmọ mẹ́ta la bí, gbèsè kan náà la jọ san,
ó mú ibi tí olú wà dání wọ ibojì.

Páálí yìí kò ní irú ìwà bẹ́ẹ̀.
Gbogbo àṣírí rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ní lẹ́tà gàdàgbà:
fọ́n omi sí i láàárọ̀, fọ́n omi sí i lálẹ́,
má gbé e sínú oòrùn,
má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó ń mú ilé móoru.
Ẹni tó bá ti mọ̀wé kà ti rí olú.
Ó dùn mí díẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, òfo. Ọjọ́ kẹfà, òfo.
Lọ́jọ́ keje wọ́n dá mi dúró lọ́dọ̀ dókítà;
Tymek ló wọlé, ó fọ́n omi títí aṣọ fèrèsé fi ń kán tótó.
Ọjọ́ kọkànlá: wóró dúdú bí orí abẹ́rẹ́,
wọ́n ń ti ara wọn lójú ihò.
Mo sùn, mo jí, wọ́n ti di ìka ọmọ jòjòló.
Lọ́jọ́ kejì wọ́n di etí,
etí aláwọ̀ eérú, ọ̀kan lé ọ̀kan,
gbogbo wọn kọ ojú sí inú ilé bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀.
Yìnyín ń bọ́ níta. Igbó ti tilẹ̀kùn.
Olú tí kò jọba rí dé adé sórí fèrèsé mi.

"Ẹ ká a lónìí. Páálí ní bí etí rẹ̀ bá ti ń tẹ́, ẹ ká a."
Mo ní, ó di ọ̀la. Agídí arúgbó.
Kí n má purọ́, mo bá wọn sọ̀rọ̀ lóru yẹn.
Etí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò dákẹ́?
Mo bi wọ́n níbi tí Zenon máa ń lọ.

Ilẹ̀ mọ́, eruku funfun ti bo gbogbo nǹkan:
ìkòkò tíì, ìwé oògùn,
gíláàsì àwòrán Zenon, láti iwájú orí dé irunmú.
Irúgbìn wọn ni. Mo ti jẹ́ kí wọ́n pẹ́ jù.

A yí wọn lọ́rùn bí ẹni ń ṣí ìdérí igo.
Bọ́tà, àlùbọ́sà, iyọ̀.
Tymek ní ó dà bí ẹran tí kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi,
ó sì fi búrẹ́dì nu páànù.
Kò tó olú Zenon, ká sọ òtítọ́.
Mo ri ìdì náà sínú omi di àárọ̀; ìlànà ní yóò tún hù.

Àwòrán náà ńkọ́?
N kò tíì nù ún.
Mo fi ìka kan fa ìlà sínú eruku náà,
láti ẹnu rẹ̀ lọ sí etí férémù,
ọ̀nà kékeré kan,
bóyá yóò rántí.