Rógódó, Rògòdò

Káàdì méjì ni Mídórì mú wá sí Ẹ̀pẹ́.
Ọ̀kan rí róbótó bí ikùn ẹ̀pìyà tó kún fún ẹyin,
èkejì ṣe ṣóńṣó níhìn-ín, ó ṣe ṣóńṣó lọ́hùn-ún,
bí ẹ̀gún ẹ̀yìn ọ̀bọ̀kún tó gún mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje.
Èmi ni ògbufọ̀. Mo ní, "Ìyá Sàbítíyù,
wọ́n ní èwo ló ń jẹ́ Bùbá, èwo ló ń jẹ́ Kíkì?"

Ìyá ò gbójú kúrò lára àwọ̀n tó ń tún ṣe.
Abẹ́rẹ́ igi ń lọ, ó ń bọ̀, fìrì, fìrì.
"Bùbá kẹ̀? Bùbá ló wà lọ́rùn mi yìí,
ó sì ti gbó."

A rẹ́rìn-ín títí. Ó wá na ìka sí èyí tó rí róbótó.
"Òun ni Bùbá. Ta ni ò mọ̀?
Èyí tó ń gún ni lójú yẹn ni Kíkì.
Ṣé ohun tí ọmọ ọwọ́ mọ̀
lẹ tìtorí ẹ̀ wọ bàálù?"

Mídórì kọ ọ́ sílẹ̀ wéréwéré.
Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n wí nílùú tòun,
bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí láwọn ìlú tí wọn ò ti gbọ́ orúkọ Ẹ̀pẹ́ rí:
ẹnu ènìyàn a máa ká
bó bá fẹ́ pe ohun tó ká.

Mo rántí Tíṣà Òṣìbógun, kíláàsì kẹrin.
Mo kọ ọ́ pé ilẹ̀ mọ́, oòrùn pupa fòò lórí ọ̀sà.
Ó fa ìlà gba orí fòò kọjá.
"Àṣejù. Pupa ti tó."
Ìlà ọ̀hún sì rèé nínú ìwé mi,
pupa fòò.

"Gbọ́," ni Ìyá wí. Iṣẹ́ tíṣà ti di tiẹ̀.
"Ẹ̀kán omi lórí páànù: tó.
Akàn nínú agbọ̀n: kìràkìtà, kìràkìtà.
Ẹyin àdàbà, rógódó. Àgbọn, rògòdò.
Mi ò pààrọ̀ ọ̀rọ̀ o,
ohùn ni mo gbé wálẹ̀,
nǹkan sì tóbi."

Èéfín ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja gba àárín wa kọjá.
Mídórì ní, "Nílé wa, ìdákẹ́jẹ́ pàápàá ní ohùn.
Bí yàrá bá dá, tí ẹnikẹ́ni ò mira,
ṣíín là ń gbọ́."

Abẹ́rẹ́ dúró.
Ìyá gbé ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò.
Ojú ẹ̀ wà lójú omi.

"Mo dúró níbí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.
Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàbá Sàbítíyù ń lọ,
tàtàtà létí èbúté,
tatata lẹ́bàá àwọn igi àwọ̀n,
tátátá lókè ọ̀hún, tínńtín,
ó wá kù mí.
Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń wá orúkọ
ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn.
Wọ́n ní kí n pè é ní rọ́rọ́. Rọ́rọ́ ní ìsinmi nínú.
Wọ́n ní jẹ́ẹ́. Ọmọ tó gbọ́ràn ló ń jókòó jẹ́ẹ́."

A ò lè fèsì.
Ewúrẹ́ kan ń há páálí jẹ lẹ́yìn ọkọ̀ tó dojú dé.

"Ṣíín," ó tún wí. "Ó sún mọ́ ọn.
Àmọ́ tiyín kéré, ti inú yàrá ni.
Ẹ gbé ohùn rẹ̀ wálẹ̀."
Ó sì gbé e wálẹ̀ fúnra rẹ̀,
wálẹ̀, wálẹ̀,
títí ó fi tó ọ̀sà:

ṣììììn.

Mídórì ò kọ ìyẹn sílẹ̀.
Nígbà tó ṣe, abẹ́rẹ́ tún mira,
fìrì.