Àtẹ̀gùn Mẹ́ta sí Ojú Fèrèsé

Senísà, mo ti mọ̀ kí o tó mọ̀ pé mo mọ̀.
Ọjọ́ tí o gbójú sókè wo fèrèsé,
tí o ká ẹ̀yìn jọ bí ẹni tó fẹ́ fò,
tí o sì jókòó padà, o ń lá àtẹ́lẹsẹ̀
bí ẹni pé ohun tí o wá ṣe náà nìyẹn,
mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Àgbà kì í tẹjú mọ́ àgbà níbi ìtìjú.

Otília ló gbé ọ wálé nínú àpò aṣọ òjò rẹ̀,
ọdún tí ìjì ká òrùlé ṣọ́ọ̀bù Erasimo lọ sínú òkun.
Àwọ̀ rẹ dà bí eérú, ló bá pè ọ́ ní eérú ní èdè wa.
O ò ju ìkúùkù lọ. Ó ní, "Baldoméro, má sọ̀rọ̀."
N ò sọ̀rọ̀.
Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé. Otília ti sùn lókè ibẹ̀,
láàárín àwọn igi tí wọ́n gé róbótó.
Ọ̀rọ̀ tí n ò sọ nígbà náà, ìwọ ni mò ń sọ ọ́ fún.

Ní Punta Arénasi níbí, afẹ́fẹ́ kì í fẹ́, ńṣe ló ń ti èèyàn.
Wọ́n ń ta okùn sí ìgboro kí arúgbó lè rí nǹkan dì mú.
Okùn wo ni wọ́n ta fún ológbò?

Ogójì ọdún ni mo fi rẹ́ irun àgùntàn.
Orúnkún mi ń han bí ilẹ̀kùn ọgbà, ìka mi ti wọ́.
Èmi àti làkúrègbé ti di ará ilé kan náà,
mo mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bá ń bọ̀.
Nítorí náà, lóru ọjọ́ kan nínú oṣù keje,
tí o kùnà láti gun bẹ́ẹ̀dì, tí o tọ̀ sẹ́yìn sítóòfù,
mo dá oògùn tèmi sí méjì,
mo lọ ìdajì, mo pò ó mọ́ ẹja inú agolo.
Ohun tó ṣe mí ló ṣe ọ́. Ohun tó tù mí á tù ọ́.
Àwo ti wà nílẹ̀. Imú rẹ ti kàn án.
Fóònù dún.

Yaníra ni, dókítà ẹran, ó ń wá igi ìdáná yá.
Mo ní kó dúró, mò ń fún ológbò lóògùn.
Ó bi mí pé èwo.
Ohùn rẹ̀ yí padà. "Gbé àwo yẹn. Gbé e báyìí.
Ìdajì yẹn tó láti pa á."

Mo dà á sínú iná. Ẹja náà jó, o wò mí bí ẹní wo olè.
Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, èmi tí kì í jókòó sílẹ̀ mọ́
nítorí àtidìde.
Ìfẹ́ ni mo fi lọ májèlé.

Ó dé láàárọ̀ pẹ̀lú oògùn tìrẹ, omi kan tó ń rùn bí oyin,
kí n máa fi abẹ́rẹ́ tí kò lẹ́nu wọ̀n ọ́n. Kò gbọdọ̀ lé.
Ó ní o ti sanra jù. (Ẹ̀bi mi ni, èmi àti wàràkàṣì.)
Ó ní kí n gé etí àpótí ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ,
kí o má baà gun òkè kí o tó tọ̀.
Ó tẹ ìbàdí rẹ. O ò ké.
Ó ní, "Wọn kì í ké. Ẹran tó bá ké
ti júwe ilé rẹ̀ fún ọ̀tá."

Mo tú àpótí ápù. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko fún àtẹ̀gùn mẹ́ta:
ìṣó ń bọ́, mo ń ṣépè, o ń wò mí.
Mo kan awọ àgùntàn mọ́ méjì.
Awọ tán. Mo gé aṣọ òjò Otília fún ìkẹta.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni o fi ń yí i ká bí ẹni tí ò rí i.
Láàárọ̀ yìí mo ti ìdáná bọ̀,
o wà lójú fèrèsé.
N ò rí bí o ṣe gùn ún. Ọkọ̀ pupa kan ń kọjá lójú omi,
irun eérú kan sì wà lára aṣọ òjò.

Kétùlù ti ń hó. Ìgò gbígbóná kan fún mi, ọ̀kan fún ọ.
Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi aṣọ wé tìrẹ.