Sẹ́ẹ̀lì Àbọ́pa

Oyin ta Jernej léjìká, lábẹ́ òkè Karavanke,
níbi tó ti ń ṣí ilé wọn tó kùn ní búlúù àti yẹ́lò.
Ó gé àlùbọ́sà, ó fi pa á,
síbẹ̀ èjìká wú bí ìyẹ̀fun tó rí ìwúkàrà.
Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kókó kan so lábẹ́ abíyá.
Ó pe ọmọ rẹ̀ ní Ljubljana lórí fóònù: "Neža,
èjìká ni oyin ta. Kí ló gbé wíwú dé ibòmíràn?"

Neža ò tètè dáhùn.
Aago mọ́kànlá alẹ́ ni, fíríìjì ń kùn,
ojú rẹ̀ kan wà lórí maikirosikópù.
Sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀, ó rẹ sínú aró elése-àlùkò,
ikùn rẹ̀ kún fún wóró bí ikùn ẹja tó lóyún.
Àwọn ará Jámánì àtijọ́ wò ó títí,
wọ́n ní, èyí mà jẹun yó o,
wọ́n sọ ọ́ ní àbọ́pa, bíi màlúù ọjọ́ àsè.
Ìgbà tó yá, orúkọ burúkú tún kún un:
atúni-lára-wú, afọmi-símú,
ẹni tí eruku òdòdó bí nínú tó fẹ́ sun ilé.

Àmọ́ àwo méjì ló wà níwájú Neža.
Nínú èkíní, sẹ́ẹ̀lì B nìkan ló wà,
wọ́n jókòó gẹlẹtẹ, wọn ò bí, wọn ò pọ̀.
Nínú èkejì, ó da àbọ́pa díẹ̀ mọ́ wọn.
Ó kà wọ́n, ó ṣì í kà,
ó bẹ̀rẹ̀ látorí ení:
wọ́n ti di ìlọ́po mẹ́ta.
Àbọ́pa fara kan wọn, ó tú ikùn rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.
Wóró mìíràn a sì bá omi ara lọ,
láti èjìká wọ kókó abẹ́ abíyá,
bí lẹ́tà tó ń wọlé
nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ ò kúrò nílé rẹ̀.

"Bàbá, ilé ìbímọ ni kókó yẹn.
Ẹ má fi àlùbọ́sà sí i.
Ẹni tí a pè ní àbọ́pa, òun ló ń bọ́ni.
Ti eku funfun ni mo rí o, mi ò tíì mọ ti yín."

Jernej rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́.
"Ìyẹn lo fi odindi ọdún mẹ́rin wá?
Nínú ilé oyin,
èyí tó sanra ló ń fún ọmọ lóúnjẹ."